Lẹ́tà àti Nọ́ńbà: Eré tí Kò Yẹ kí Ó Parun

Ní Ganhi, láàárín ìlú Kùtọ́nú, ìṣirò owó ni iṣẹ́ gbogbo ènìyàn. Ọjà wà níbẹ̀, báńkì wà níbẹ̀, èbúté kò sì jìnnà. Ìyá kan ta aṣọ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀wé. Síbẹ̀, eré àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó fẹ́ràn jù lórí tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ eré náà ni « Des chiffres et des lettres », ìyẹn « Nọ́ńbà àti Lẹ́tà ».

Ilẹ̀ Faransé ni eré náà ti wá. Armand Jammot ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1965. Lẹ́tà nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà. Ní ọdún 1972, wọ́n fi nọ́ńbà kún un, ó sì gba orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n. Ìkànnì TV5 ni ó gbé e dé Áfíríkà.

Ènìyàn méjì ni ó máa ń díje. Wọn yóò fa lẹ́tà jáde. Ẹni tí ó bá fi wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí ó gùn jù ni ó borí. Lẹ́yìn náà, wọn yóò fa nọ́ńbà mẹ́fà, kí àwọn olùdíje lè fi wọ́n ṣírò dé iye kan. Bí àpẹẹrẹ, a fa 100, 10, 6, 5, 3 àti 2. Iye tí a ń wá ni 365. 100 lọ́nà 3 jẹ́ 300. 10 lọ́nà 6 jẹ́ 60. Fi 5 kún un, ó pé. Kò di dandan kí a lo gbogbo wọn.

Bí ó bá kan nọ́ńbà, ìyá aláṣọ a máa dáhùn ṣáájú àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọn a ní: « Màmá, báwo ni ẹ ṣe ṣe é? » Ọjà ni ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan lẹ́tà, a máa dákẹ́, a sì máa wo ẹnu àwọn ọmọ.

Ní ọdún 2024, eré náà dópin lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Faransé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kẹ́dùn. Ti ìyá yìí ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí pé ọdún náà gan-an ni ó parí ẹ̀kọ́ ìwé àwọn àgbà. Ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ lẹ́tà ni eré lẹ́tà parí.

Ṣùgbọ́n kò jókòó máa kẹ́dùn. Ó gé páálí wẹ́wẹ́, ó sì kọ lẹ́tà Yorùbá sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n fa ọ, k àti ọ. Àwọn ọmọ rò pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ìyá mú gègé, ó fi àmì ohùn sí i: ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù. Lẹ́tà mẹ́ta di ọ̀rọ̀ mẹ́rin.

Ní ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ni ó ń wo ẹnu ìyá wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, páálí kò wọ́n. Ẹ gé tiyín, kí ẹ sì pe àwọn ará ilé.