Olùkà Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí: Iṣẹ́ Àlejò Nínú Ìtọ́jú Ètò Kọ̀ǹpútà

Ó lè yà yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ètò kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, a ó rí i pé iṣẹ́ olùkà ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí.

LibreOffice ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ètò tí a fi ń tẹ ìwé, tí a sì fi ń ṣe ìṣirò. Ní ọdún 2010 ni a dá a sílẹ̀ láti ara OpenOffice.org. The Document Foundation, àjọ tí ó ń mójú tó o, fi ìlú Berlin ní Jámánì ṣe ibùjókòó. Àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ ètò náà ṣí sílẹ̀: ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in. Bákan náà ni ẹnikẹ́ni tí ó bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀ lè fẹjọ́ sùn nínú ìwé ẹjọ́ gbangba tí a ń pè ní Bugzilla.

Níbi yìí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. UNCONFIRMED ni a ń kọ sí ẹjọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èyí ni pé kò tíì ní ẹlẹ́rìí. Kò yẹ kí afẹjọ́sùn ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó yẹ kí ó jẹ́rìí. Bí àwọn tí ó mọ ètò tún ṣe bá sì ní láti yẹ gbogbo ẹjọ́ wò fúnra wọn, ìgbà wo ni wọn yóò ráyè ṣe àtúnṣe? Àlejò tí kò mọ ìlà kan kọ nínú ètò kọ̀ǹpútà lè gba ẹrù yìí lórí wọn.

Kí ni yóò ṣe? Lọ́nà kìíní, yóò wò ó bóyá ẹnìkan ti fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sùn rí, kí a lè so méjèèjì pọ̀. Lọ́nà kejì, yóò tọ ipasẹ̀ afẹjọ́sùn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nínú ẹ̀dà tí ó jáde kẹ́yìn. Bí àṣìṣe náà bá yọjú, yóò jẹ́rìí, ẹjọ́ yóò sì di NEW. Bí kò bá yọjú, kí ó má yára dá ẹjọ́ náà nù, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kọ̀ǹpútà tàbí fáìlì ti afẹjọ́sùn lè yàtọ̀ sí tirẹ̀. Yóò fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè, yóò sì kọ NEEDINFO sí ẹjọ́ náà títí èsì yóò fi dé.

Ọ̀nà kẹta ni ó sún mọ́ iṣẹ́ tiwa jù lọ. Ẹni tí ó ń fi ìwé àfọwọ́kọ wéra a máa wá ẹ̀dà tí àṣìṣe ti kọ́kọ́ wọlé. Àlejò náà lè dán àwọn ẹ̀dà àtijọ́ wò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀dà bá tó 1,000, tí ó sì ń dá wọn sí méjì lọ́gbọọgba nígbà kọ̀ọ̀kan, ìdánwò bíi 10 ti tó láti fi mọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ìlànà Unicode, «ẹ» ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n «ẹ́» kò ní. Ńṣe ni a ń to àmì ohùn lé e lórí. Bí àmì náà bá ṣáko lójú ìwé, ẹni tí kò ka Yorùbá lè wò ó kọjá. Ta ni yóò jẹ́rìí, bí kò ṣe àwa?

Yorùbá a máa wí pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Nínú iṣẹ́ yìí, ojú àlejò gan-an ni a ń wá.