Àpótí Dísíìkì RAID: Ta Ló Yẹ Kí Ó Yáwó Rà Á?

Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mẹ́rin nínú wa ló ti wá béèrè ní ọ́fíìsì bóyá ẹgbẹ́ lè yá wọn lówó láti ra àpótí dísíìkì tí wọ́n ń pè ní RAID. Méjì nínú wọn ń ya fọ́tò àti fídíò níbi ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Àwọn méjì yòókù kàn fẹ́ tọ́jú fídíò ẹbí wọn ni. Ìgbìmọ̀ ní kí n kọ àlàyé rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa, kí owó ẹ̀yáwó má baà lọ sórí ohun tí kò ní ṣe iṣẹ́ tí a rò pé yóò ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láyé ìgbà kan, fọ́tò ìsìnkú bàbá wà nínú álíbọ́ọ̀mù nílé, ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò ní Iléṣà, òmíràn wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ní Èkó. Bí ikán bá jẹ ọ̀kan, òmíràn á ṣẹ́ kù. Lónìí, odidi ìsìnkú, láti àìsùn títí dé ìdúpẹ́, lè wà lórí dísíìkì kan ṣoṣo tí kò ju ìwé àdúrà kékeré lọ. Dísíìkì a sì máa kú. Inú èyí tó ń yí ní àwo kan tó ń yípo ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá já bọ́ láti orí tábìlì lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè parí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa mẹ̀kúnnù nìkan ni nǹkan báyìí ń sọnù mọ́ lọ́wọ́. Ẹ wo fíìmù Shaihu Umar tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, láti inú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi rò pé ó ti sọnù, kí wọ́n tó rí i ní 2016 níbi ìkẹ́rùsí Nigerian Film Corporation ní Jos. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní ìlú Berlin ní Jámánì ní 2018. Fíìmù ńlá nìyẹn, ó sì rí ẹni wá a kiri. Ta ni yóò wá fídíò òkú ìyá tiwa kiri lẹ́yìn ogójì ọdún?

Àwọn mẹ́ta kan ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ló gbé ọ̀rọ̀ RAID jáde ní 1988. Wọ́n ní dípò kí iléeṣẹ́ máa ra dísíìkì ńlá kan olówó gegere, kí ó kó àwọn kéékèèké olówó pọ́ọ́kú jọ, kí wọ́n máa ran ara wọn lọ́wọ́. (Ṣebí ohun tí àwa náà ń ṣe nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nìyẹn!) Oríṣiríṣi ló wà, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n.

RAID 0 ni kí ẹ sá fún. Ńṣe ló ń pín fídíò kan náà sórí dísíìkì méjì. Ó yá, dísíìkì tẹ́rábáìtì 4 méjì á sì fún yín ní àyè 8, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kú, gbogbo ẹrù ti lọ. RAID 1 dà bí onídùúró: ohun tí ẹ bá kọ sórí èyí, ó ń kọ ọ́ sórí èkejì lójú ẹsẹ̀. Dísíìkì 4 méjì á fún yín ní àyè 4 péré. Àwọn kan ń ráhùn pé àwọn san owó méjì, àwọn rí ọ̀kan gbà. Àbí kí ni onídùúró wà fún?

RAID 5 ló máa ń dá àwọn ènìyàn lọ́rùn, nítorí pé dísíìkì 4 mẹ́ta á fún yín ní àyè 8. Ìṣirò ọjà ló ń lò. Bí ìyá aláṣọ bá dá 4,000 naira, tí ìyá eléèlùbọ́ dá 3,000, tí akọ̀wé kọ àpapọ̀ rẹ̀, 7,000, sínú ìwé kẹta, bí ìwé ìyá aláṣọ bá jóná, a ó yọ 3,000 kúrò nínú 7,000, a ó sì mọ iye tí ó dá. Bí ìwé méjì bá jóná lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ìṣirò tó lè gbà wá. RAID 6 lè gba ikú dísíìkì méjì mọ́ra, ṣùgbọ́n ó kéré tán dísíìkì mẹ́rin ni ó ń fẹ́.

Èrò tèmi ni pé RAID 5 kò bá ìlú wa mu tó bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ. Bí ọ̀kan bá kú tí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àpótí náà gbọ́dọ̀ ka àwọn tó kù láti òkè délẹ̀ kí ó tó lè ṣírò èyí tó sọnù. Fún dísíìkì tẹ́rábáìtì 4, ó lè gba wákàtí méje tàbí mẹ́jọ bí kò bá sí ìdíwọ́ rárá. Àwọn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ní Ìkejì-Aràkeji níbí, ta ló lè ṣèlérí iná wákàtí mẹ́jọ gbáko? Láàárín iṣẹ́ líle yẹn ni òmíràn tí ẹ rà lọ́jọ́ kan náà lè kú tẹ̀lé e. Bí àpótí fúnra rẹ̀ bá sì bàjẹ́, dísíìkì RAID 5 kan ṣoṣo kò wúlò fún nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ṣeé ṣe láti ka dísíìkì RAID 1 kan fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. RAID 1 ni mo fara mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, RAID kì í ṣe ẹ̀dà. Bí ọmọ bá fi ọwọ́ pa fídíò rẹ́ lórí ọ̀kan, ó ti pa rẹ́ lórí èkejì nìyẹn. Bí olè bá gbé àpótí, méjèèjì ló gbé. Àrá àti iná kì í yan ọ̀kan sílẹ̀. Ohun tí RAID ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ tí dísíìkì kan bá kú. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún onífọ́tò tí ìyàwó tuntun ń dúró dè lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ẹbí tó fẹ́ wo fídíò ìkómọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lè fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nítorí náà, fún àwọn méjì tó fẹ́ tọ́jú fídíò ẹbí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n má yáwó ra àpótí rárá. Kí wọ́n ra dísíìkì méjì lásán, kí ọ̀kan wà nílé, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú mìíràn, kí wọ́n máa gbé e wá kọ ohun tuntun sí i nígbà ọdún tàbí ìsinmi, kí wọ́n sì dá a padà. Àwọn onífọ́tò lè ra RAID 1, ṣùgbọ́n dísíìkì kẹta tó ń gbé níta ilé di dandan. Kí wọ́n ra UPS pẹ̀lú rẹ̀, kí iná tó bá lọ lójijì má baà ká iṣẹ́ mọ́ ìdajì. Kí wọ́n sì máa wo àpótí náà déédéé, nítorí ọ̀kan lè ti kú tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ní ti dísíìkì tòkunbọ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lójú yín. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo tó ń fi iye wákàtí tí dísíìkì ti ṣiṣẹ́ hàn. Wákàtí 8,760 ni ọdún kan láìsinmi. Mo ti rí èyí tó ju 40,000 lọ tí wọ́n ń pè ní “bíi tuntun.”

Ẹni tó bá ń tọrọ ẹ̀yáwó lórí èyí, kí ó mú ìwé iye owó wá tí yóò ní àpótí, dísíìkì mẹ́ta àti UPS nínú, pẹ̀lú orúkọ onídùúró méjì. Àwọn onífọ́tò wa méjèèjì ti mú tiwọn wá, ṣùgbọ́n kò sí dísíìkì kẹta nínú ọ̀kan. A ti dá a padà fún àtúnṣe kí ìgbìmọ̀ tó jókòó ní ìparí oṣù.