Pilates tàbí barre: èwo ló yẹ ẹni tí ẹ̀yìn tàbí orúnkún ń dùn?

Sabon Gari ni àdúgbò tí ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ fún àwọn ará gúúsù lẹ́yìn tí ojú irin dé ìlú Kano ní ọdún 1911, òwò ṣíṣe sì ni ọ̀pọ̀ àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ fi ń jẹun. Òǹtajà lè jókòó sórí àpótí láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ó máa bẹ̀rẹ̀ gbé ẹrù, kí ó sì tún dúró fún wákàtí pípẹ́. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lé ní ogójì ọdún, ìbàdí á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, orúnkún á sì máa dùn ún nígbà tí ó bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà tàbí tí ó bá fẹ́ dìde lórí ẹní ìkírun. Dókítà á ní kí ó máa ṣe eré ìdárayá, ṣùgbọ́n kí ó yẹra fún sísáré àti fífò. Kí wá ni ó kù tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe?

Eré ìdárayá méjì tí òkìkí wọn ti kàn nínú fídíò orí fóònù wà lára ohun tí ó lè gbìyànjú. Pilates (bí a ti ń pè é ni Pìlátíìsì) ni ọ̀kan. Barre, tí a ń pè ní báà, ni èkejì. Méjèèjì kì í fi ipá gbo oríkèé ara, nítorí pé ẹsẹ̀ kì í fò kúrò nílẹ̀ kí ó tún padà balẹ̀ gìdìgbà. Bí ènìyàn bá ń sáré, agbára tí ilẹ̀ fi ń ta ẹsẹ̀ rẹ̀ padà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan máa ń tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ti pọ̀ jù fún orúnkún tí ó ti ń gbó.

Orúkọ ènìyàn ni Pilates. Ọdún 1883 ni a bí Joseph Pilates ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì há a mọ́ erékùṣù Isle of Man, ibẹ̀ ni ó sì ti ń tún ìlànà rẹ̀ ṣe. Ó kó lọ sí New York ní ọdún 1926. Contrology ni òun fúnra rẹ̀ pe ìlànà náà, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń pè é lónìí.

Orí ẹní ni a ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ènìyàn á dùbúlẹ̀, á fa ikùn wọlé díẹ̀, á máa mí dáadáa, á sì máa gbé apá tàbí ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ láìjẹ́ kí eegun ẹ̀yìn yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún yín, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀, kí ẹ wá gbé ìdí sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tún gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣan ikùn, ti ìdí àti ti ẹ̀yìn ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ilé ìdárayá ńláńlá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹní lásán ti tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn dídùn ni ó bí barre. Lotte Berk, oníjó kan tí ó jẹ́ Júù, sá kúrò ní Jámánì lọ sí London nítorí ìjọba Násì. Lẹ́yìn tí ó fara pa lẹ́yìn, ó pa ìgbésẹ̀ ijó ballet pọ̀ mọ́ eré ìtọ́jú ara, ó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1959. Irin gbọọrọ tí àwọn oníjó máa ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni ó fún eré náà ní orúkọ.

Nínú ilé, ẹ̀yìn àga tí ó wúwo lè dúró fún irin yẹn. Ènìyàn á di àga mú, á tẹ orúnkún díẹ̀ bí obìnrin tí ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà ṣùgbọ́n tí kò kúnlẹ̀ tán, á wá máa lọ sókè sódò níwọ̀nba títí itan yóò fi máa gbọ̀n. Iṣan tí ó ti ń rẹ̀ ni ó ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀, kò léwu. Ìrora tí ń gún ni nínú oríkèé yàtọ̀ sí ìyẹn. Bí ó bá dé, ẹ dáwọ́ dúró.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni ó ń dùn yín, Pilates ni a ó kọ́kọ́ mú. Àyẹ̀wò tí àjọ Cochrane ṣe lórí àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 2015, fi hàn pé ó lè dín ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn kù ju kí ènìyàn kàn jókòó lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó dára ju àwọn eré ìdárayá mìíràn. Ìwádìí lórí barre kò tó nǹkan, nítorí náà, ẹ má gba gbogbo ìlérí tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń ṣe gbọ́.

Ọ̀rọ̀ orúnkún gba ìfarabalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣan itan tí ó lágbára a máa gba orúnkún sílẹ̀, barre sì ń mú itan le. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹ orúnkún jù, tí ó tún gbé gìgísẹ̀ sókè, ẹrù náà yóò padà sórí orúnkún. Kí ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń dùn fi gìgísẹ̀ sílẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ó má sì fi ipá yí ẹsẹ̀ síta bíi ti oníjó. Bí orúnkún bá wú tàbí tí ó gbóná, kí ó fi barre sílẹ̀ ná, kí ó máa ṣe ti orí ẹní. Ní ti àgbàlagbà tí ẹ̀rù ìṣubú ń bà, ìdúró barre pẹ̀lú àga lọ́wọ́ ni yóò wúlò jù fún un, nítorí pé orí ìdúró ni ènìyàn ti ń kọ́ bí ara ṣe ń dúró ṣinṣin.

Àwọn kan wà tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti fúyẹ́ nítorí ọjọ́ ogbó kò gbọdọ̀ ṣe àwọn ìgbésẹ̀ Pilates tí ń ká ẹ̀yìn síwájú. Aboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù mẹ́ta kò gbọdọ̀ pẹ́ lórí ìfẹ̀yìnlélẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ sé èémí. Láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, tí ooru ọ̀sán Kano lè tó 40 lórí ìwọ̀n Celsius, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ sì mu omi. Èyí kan àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde jù.

Ẹni tí ó bá ń retí pé kí ara òun fọn lè má rí ohun tí ó ń wá, nítorí pé méjèèjì kì í jó ọ̀rá púpọ̀. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 ní kí àgbàlagbà ṣe eré ìdárayá tí ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ níwọ̀nba fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kí ó sì mú iṣan le ní ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ méjì yẹn ni ti Pilates tàbí barre. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ni yóò dí èyí tó kù.

Bí ìrora kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn físíótẹ́rápíìsì wà ní ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ ní Dala àti ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Aminu Kano, tí wọ́n lè yẹ ẹ̀yìn tàbí orúnkún náà wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn dídùn bá mú kí ẹsẹ̀ rọ, tí abẹ́ àti àárín itan kú tipiri, tàbí tí ènìyàn kò lè mú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.