Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin màálù, ẹ má ta wàrà tó yẹ kí ọmọ màálù mu

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò nílẹ̀ Yorùbá ló ní màálù méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n fi sọ́wọ́ darandaran ní gáà. Àwọn mìíràn ti ní oko tiwọn, wọ́n sì ti sọ ọgbà yí i ká. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n pé èrè dà, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé màálù ń bí, ọmọ ò dúró. Òótọ́ ni pé àìsàn ń pa ọmọ màálù. Àmọ́, ebi ló sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún àìsàn náà, ebi ọ̀hún kò sì ṣẹ̀yìn bí a ṣe ń pín wàrà láàárín ọmọ màálù àti igbá ẹni tó ń tà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí bí oníṣòwò. Abo màálù funfun àwọn Fúlàní tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa sábà máa ń lé ní ọmọ ọdún 3 kó tó bí àkọ́bí rẹ̀. Oyún inú rẹ̀ ń lé díẹ̀ ní oṣù 9. Lẹ́yìn tó bá sì bímọ tán, ó lè ju ọdún kan lọ kó tó tún bí òmíràn. Bí ọmọ náà bá wá kú ní ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo owó koríko, iyọ̀, oògùn àti owó darandaran tẹ́ ẹ ti ná láti ọdún tó kọjá ti wọgbó nìyẹn.

Àdánù náà kò tán síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ màálù ilẹ̀ wa kì í sun wàrà dáadáa àfi tí ọmọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ fẹnu kan ọmú. Ìdí nìyẹn tí darandaran fi máa ń jẹ́ kí ọmọ mu díẹ̀ kó tó fún un. Tí ọmọ bá kú, kì í pẹ́ tí ọmú ìyá fi máa ń gbẹ. Ẹni tó ta wàrà tó fi pa ọmọ ti ta ọmọ, ó sì ti ta wàrà ọjọ́ iwájú mọ́ ọn.

Wákàtí 24 àkọ́kọ́ ló le jù

Tí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, ẹ nu imú àti ẹnu rẹ̀ kó lè mí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lá a. Ẹ ri ìwọ́ rẹ̀ sínú oògùn áyódíìnì, nítorí ojú ìwọ́ tútù ni kòkòrò àìsàn máa ń gbà wọlé, táá fi di pé oríkèé ẹsẹ̀ ọmọ wú, tí kò sì lè dìde mọ́.

Lẹ́yìn èyí, wàrà ló kàn. Wàrà àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lọ́mú ìyá máa ń ki, ó sì máa ń pọ́n bíi pupa ẹyin. Kò bàjẹ́ o. Inú rẹ̀ ni gbogbo èròjà tí ọmọ máa fi bá àìsàn jà wà. Ọmọ màálù kì í rí èròjà yìí gbà nínú oyún bí ọmọ èèyàn ṣe ń rí i gbà, òfìfo ló ń wá sáyé. Ọmọ tó bá wúwo tó kílò 22 yẹ kó ti mu lítà 2, ó kéré tán, kí wákàtí 6 tó pé. Tó bá fi máa di wákàtí 24, ìfun rẹ̀ á ti padé. Wàrà tó bá mu lẹ́yìn náà á kàn di oúnjẹ lásán, kò ní í dáàbò bò ó mọ́.

Ẹ má kàn fọkàn sí i pé ó ti mu. Ẹ dúró, kẹ́ ẹ fojú rí i. Tí kò bá lágbára láti dìde, ẹ fún wàrà ìyá rẹ̀ sínú ike omi tó mọ́, kẹ́ ẹ fi ọmú rọ́bà sí i lẹ́nu. Ẹ má da wàrà sí ọmọ tó dùbúlẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, kó má baà gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ọmú mẹ́rin, ta ló ni ín?

Ìjà tó wà nídìí sísin màálù rèé. Àwọn ìyá tó ń fi ewé bọmubọmu se wàràkàsì ń wá wàrà. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá náà ń rà á. Lọ́pọ̀ gáà, wàrà yìí kan náà ni darandaran ń gbà gẹ́gẹ́ bí ara owó iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni kò ní í fún un gbẹ nígbà tó jẹ́ pé òun ni owó oṣù rẹ̀?

Àtúnṣe àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni màálù. Ẹ san owó gidi fún darandaran yín, kẹ́ ẹ sì bá a ṣàdéhùn pé gbogbo ọmọ màálù tó bá pé oṣù 6 láàyè, iye báyìí lẹ máa fi kún un. Nígbà náà, ire ọmọ màálù á di ire tirẹ̀ náà.

Ìkejì, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má fún wàrà kankan tà. Láti ọ̀sẹ̀ kejì títí di oṣù 3, ẹ fi ọmú méjì sílẹ̀ fún ọmọ, kẹ́ ẹ fún méjì yòókù, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ wọn. Ọmọ tuntun nílò wàrà tó tó ìdá kan nínú 10 ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣírò lítà 2 lójúmọ́ fún ọjọ́ 90, lítà 180 ni. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ra lítà kan ládùúgbò yín sọ ọ́ di owó, kẹ́ ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ń ta akọ màálù tó ti dàgbà lọ́jà. Ẹ̀yin náà á rí ibi tí èrè wà.

Ọmọ tó yó máa ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Èyí tí ebi ń pa á máa kígbe, á máa forí gbá ọmú ìyá rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì jìn wọnú.

Omi àti oúnjẹ líle

Àpò 4 ló wà nínú màálù, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù, tí màálù fi ń lo koríko, kì í tíì ṣiṣẹ́ lára ọmọ tuntun. Oúnjẹ ọkà ló ń jí i. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti gbé omi mímọ́ àti oúnjẹ díẹ̀ sítòsí rẹ̀. Fún kílò 10, ẹ po kílò 5 àgbàdo lílọ̀, kílò 2.5 ẹ̀pà tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ kúrò, kílò 2.3 èérí àlìkámà, àti kílò 0.2 iyọ̀ pẹ̀lú ìkarahun lílọ̀. Èyí tó bá ti bu, ẹ má fún un jẹ. Ọmọ tẹ́ ẹ bá ń fi ike fún ní wàrà, ẹ má já a lẹ́nu ọmú àfi tó bá ń jẹ kílò kan oúnjẹ yìí lójúmọ́ fún ọjọ́ 3 léraléra.

Ìgbẹ́ gbuuru àti aràn

Èkìtì ṣòfin lọ́dún 2016 pé kí màálù má jẹ̀ káàkiri mọ́. Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2019, Oǹdó àti Èkó sì tẹ̀ lé wọn lọ́dún 2021. Ojú kan ni ọ̀pọ̀ wá ń sin màálù sí báyìí, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ń kóra jọ sí. Ẹ gbá ibẹ̀ lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ibi tí ọmọ ń sùn gbẹ.

Tí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má dá wàrà rẹ̀ dúró. Omi tó ń gbẹ lára rẹ̀ ló ń pa á. Ẹ gba omi iyọ̀ àti gúlúkóòsì tí wọ́n ṣe fún ọmọ màálù lọ́wọ́ dókítà ẹran, ẹ má fi ṣúgà lásán dípò rẹ̀. Ẹ máa fún un láàárín àkókò wàrà méjì, ẹ má pò ó mọ́ wàrà. Tí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò lè dìde, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ẹ tètè pe dókítà ẹran.

Aràn kan tún wà tó máa ń gba inú wàrà ìyá wọ ọmọ lára. Ẹ jẹ́ kí dókítà fún ọmọ ní oògùn aràn tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, kó sì ṣètò abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Àwọn àgbà ní màálù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Ọlọ́run ò ní í bá ẹnikẹ́ni fún ọmọ màálù ní wàrà o. Kí èyí tó lóyún nínú agbo yín tó bí, ẹ ra áyódíìnì àti ọmú rọ́bà sílẹ̀, ẹ ra ìwé kékeré tẹ́ ẹ máa fi kọ ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan délé ayé àti oògùn tó gbà, kẹ́ ẹ sì ti parí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ pẹ̀lú darandaran yín.