Ẹni Tó Ń Kan Ìkòkò Kó Tó Rà Á

Ẹ wo obìnrin tó fẹ́ ra ìkòkò omi lọ́jà Bassila, ní Benin tiwa. Kò ní kàn tú owó lẹ́tí aṣọ. Á kọ́kọ́ gbé ìkòkò náà lé ọwọ́ òsì, á ká ìka ọwọ́ ọ̀tún, á kàn án lára, kọ̀ọ́, kọ̀ọ́, á sì tẹ́tí. Bó bá dún gbọnrangandan, á bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Bí ìró rẹ̀ bá kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò rí ibi tó là, á dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kò wọ inú amọ̀ lọ. Ìró ló rán lọ, ìró ló sì mú ìròyìn bọ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ọgbọ́n yẹn ló wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún, èyí tí àwa níhìn-ín ń pè ní ekográfì, tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní sikáànù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń fa àríyànjiyàn nínú agboolé. Ìyàwó ní òun fẹ́ lọ. Ìyá ọkọ ní nígbà tí òun bí méje, ta ló yọjú wo inú òun? Ọkọ sì ń ṣírò owó ẹ̀rọ mọ́ owó alùpùpù sémìjàn. Kò sí ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ nínú wọn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀rọ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní 1955, dókítà aboyún kan ní Glasgow, ní Scotland, tó ń jẹ́ Ian Donald, lọ sí ilé-iṣẹ́ Babcock & Wilcox, àwọn tó ń ṣe ìkòkò irin ràgàjì tí wọ́n fi ń se omi di ooru. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tó ń fi ìró wá ibi tí irin ti là sínú. Ẹ ò rí i pé ìkòkò náà ni! Tiwa jẹ́ amọ̀, tiwọn jẹ́ irin. Donald kó kókó tí wọ́n gé kúrò nínú àwọn obìnrin sẹ́yìn mọ́tò lọ síbẹ̀. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà gbé ẹran màlúù ńlá kan kalẹ̀ kí wọ́n lè fi wé e. Wọ́n rí i pé ìró kì í padà bọ̀ bákan náà láti inú kókó tó kún fómi àti láti inú èyí tó le. Nígbà tó di 1958, òun, John MacVicar àti Tom Brown tó jẹ́ ẹlẹ́rọ tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet, tòun ti àwòrán ọmọ nínú oyún.

Ìró tí ẹ̀rọ náà ń ké, etí wa kò lè gbọ́ ọ. Etí ènìyàn kò gbọ́ ju ìró tó ń gbọ̀n nígbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ti ẹ̀rọ yìí ń gbọ̀n ju mílíọ̀nù méjì lọ. Òòbẹ̀ tó ń fò láàárín igi kajú lóru mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀: á ké, ohùn rẹ̀ á kọlu ẹ̀ka, á padà sí i létí, á sì yà. Nítorí náà, ẹ má fi ekográfì wé rádíò tí wọ́n fi ń ya egungun tó kán. Ìtànṣán ni ti ìyẹn. Ìró lásán ni ti èyí.

Ẹ jẹ́ ká wọ yàrá náà. Aboyún á dùbúlẹ̀, á fa aṣọ rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á fún nǹkan kan sí i níkùn tó tutù, tó ń yọ̀ bí ilá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Kì í ṣe oògùn. Bí afẹ́fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bá wà láàárín ẹ̀rọ àti awọ ara, ìró kò ní wọlé. Á dà bí àlejò tí wọ́n dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohun yíyọ̀ yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Lójú ẹ̀rọ, omi tí ọmọ wà nínú rẹ̀ dúdú bí inú kànga, nítorí omi kò dá ìró padà. Egungun dá a padà, ó wá funfun bí ẹfun. Láàárín méjèèjì, ẹ ó rí ohun kékeré kan tó ń ṣẹ́jú, pá-pá-pá. Ọkàn ọmọ nìyẹn.

Kí ni wọ́n ń wá? Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí oyún. Ẹ wọ oko àgbàdo lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí a gbìn ín: gbogbo rẹ̀ dọ́gba, àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ á sì sọ ọjọ́ tó wọlẹ̀ láìṣì í sọ. Ẹ padà lọ nígbà tó bá ti yọmọ. Èyí tó wà nítòsí ààtàn ti ga ju ènìyàn lọ, èyí tó wà lórí ilẹ̀ olókùúta kò tíì dé àyà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà la gbìn wọ́n. Bí ọmọ inú ṣe rí nìyẹn. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àṣìṣe ẹ̀rọ nípa ọjọ́ orí oyún kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá sì ṣi oṣù kà, wọ́n lè ní oyún rẹ̀ ti kọjá àkókò, kí wọ́n fi oògùn fa ọmọ tí kò tíì gbó.

Ìkejì, ọmọ mélòó ni? Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nígbà tí Jeroen Smits àti Christiaan Monden ṣèwádìí ìbejì ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011, Benin tiwa yìí ló lé téńté: nǹkan bí ìbejì 28 nínú ìbímọ 1000. Ẹni tó bá se oúnjẹ àlejò kan, tí méjì wọlé lálẹ́, ṣì lè bu gààrí kún un. Ẹni tó ń rọbí Táyé láìmọ̀ pé Kẹ́hìndé ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìbejì sábà máa ń yá kí oṣù tó pé, ibi tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ ló sì yẹ kí ìyá wọn wà.

Wọ́n tún ń wo ibi tí ibi ọmọ jókòó sí. Nígbà mìíràn, á dábùú ọ̀nà ilé ọmọ bí àpò àgbàdo tí ẹnì kan gbé dí ẹnu ọ̀nà àká. Ẹ̀jẹ̀ lè ṣáájú ọmọ nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ibi ọmọ tó wà nísàlẹ̀ ní oṣù karùn-ún máa ń ròkè kó tó di ọjọ́ ìbí, nítorí náà bí agbẹ̀bí bá ní kẹ́ ẹ padà wá, kì í ṣe owó ló ń wá.

Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo aboyún nímọ̀ràn láti ṣe ekográfì kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24, ìyẹn nǹkan bí oṣù márùn-ún àbọ̀, àti láti rí olùtọ́jú ó kéré tán nígbà mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀kan, kó sì tètè yá: ibi tí èmi náà dúró sí nìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí kò ní ẹ̀sùn kankan, lílọ rẹ̀ léraléra lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24 kò tíì hàn pé ó ń ṣe ìyá tàbí ọmọ lóore. Láti 1958 wá, a kò rí ẹ̀rí pé ìró náà ń pa ọmọ lára; síbẹ̀ irinṣẹ́ ìtọ́jú ni, kì í ṣe fún ìran wíwò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, tàbí tí ọmọ kò yí mọ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Kẹ́ ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò dùn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ yìí lọ sí ìgbèríko ní Kóńgò, Kẹ́ńyà, Sáḿbíà, Pakistan àti Guatemala, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní lílò rẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 2018: ikú ìyá àti ti ọmọ kò dín kù. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó rí ìkùukùu tí kò bo ilé rẹ̀, òjò á pa á. Bí ẹ̀rọ bá ní ìbejì ni, tí kò sí owó ọkọ̀ nílé, tí kò sí ẹni tí a ti bá sọ ọ́ pé á gbé wa lóru, kí la wá fi ìròyìn náà ṣe? Ẹ̀yin ọkọ, nígbà tí kajú bá ti tà, ẹ ya owó ekográfì àti owó ọkọ̀ ọjọ́ ìrọbí sọ́tọ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ tó ra táyà alùpùpù.

Ohun kan wà tí àwọn obìnrin wa kì í sọ síta. A kì í kéde oyún kékeré. Ẹni tó bá tètè lọ sílé ìwòsàn ti polongo rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò, ayé sì lójú. Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé a máa ń yẹ ebè wò láìké sí àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà. Ẹ lè gba Bassila lọ bí ẹni ń lọ ọjà. Ilẹ̀kùn yàrá náà máa ń tì, ẹ̀yin àti olùtọ́jú nìkan ni ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ fún. Bẹ́ ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń ṣì í nígbà mìíràn, kò sì yẹ kó jẹ́ torí ìyẹn lẹ ṣe lọ.

Wọ́n á fún yín ní ìwé kan nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde. Ẹ má fi í sísàlẹ̀ àpótí pẹ̀lú aṣọ ọdún. Ẹ tì í sínú ìwé ìtọ́jú oyún, kẹ́ ẹ sì fi hàn ìyá ọkọ yín ibi tó wà, nítorí òun ni yóò wá a lóru ọjọ́ tí ìrọbí bá dé.