Kọnkéré Kì í Gbẹ, Ó Ń Le Ni: Ooru Inú Kọnkéré Tuntun ní Abuja àti Bí A Ṣe Lè Kọ́ni Nípa Rẹ̀

Ìfáàrà
Bí àwọn bíríkìlà bá da dẹ́kìn tán, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kí a jẹ́ kí ó "gbẹ". Ọ̀rọ̀ yìí bá ilé alámọ̀ mu, nítorí pé omi ní láti kúrò nínú amọ̀ kí ó tó le. Kò bá kọnkéré mu. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, kí ó sì ṣàkóbá fún ilé, pàápàá ní Abuja, níbi tí oòrùn àti ọyẹ́ kì í ti í ṣàánú ohun tí ó wà ní ìta gbangba.

Ibi tí ooru ti ń wá
Símẹ́ǹtì àti omi máa ń para pọ̀ di nǹkan mìíràn. Ìparapọ̀ yìí ni ó ń so yanrìn àti òkúta pọ̀, ó sì ń mú ooru jáde. Ooru náà kì í pọ̀ ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Dẹ́kìn tí kò nípọn máa ń tètè tú ooru rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ìpìlẹ̀ ńlá tàbí òpó afárá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: inú rẹ̀ yóò gbóná, ara rẹ̀ yóò sì tutù, pàápàá lóru. Inú ń fẹ̀, ara ń sún kì. Kọnkéré tí kò tíì lágbára yóò sán. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń ṣọ́ ọ kí ìyàtọ̀ tó wà láàrin inú àti ara má ju nǹkan bí 20°C lọ, kí inú náà má sì kọjá 70°C. Nígbà tí wọ́n kọ́ ìsédò Hoover ní Amẹ́ríkà láàrin 1931 sí 1936, wọ́n ri páìpù mọ́ inú kọnkéré, wọ́n sì ń da omi tútù gba inú rẹ̀ kí ooru lè dínkù.

Oòrùn àti ọyẹ́ ní Abuja
Ní oṣù Kẹta, ooru ọ̀sán ní Abuja sábà máa ń kọjá 35°C. Òkúta àti yanrìn ti gbóná kí a tó po wọ́n. Irú kọnkéré bẹ́ẹ̀ máa ń tètè ki, àwọn òṣìṣẹ́ a sì fẹ́ bu omi kún un kí ó lè rọ̀. Àbùkún omi yìí máa ń dín agbára rẹ̀ kù.

Nígbà ọyẹ́, ènìyàn lè rò pé ewu ti kúrò nítorí pé òwúrọ̀ tutù. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ó ń bó wa ní ètè náà ni ó ń fa omi kúrò lójú kọnkéré. Bí omi bá ń lọ kánkán ju bí omi inú ṣe ń sun jáde lọ, ojú rẹ̀ yóò sán láàrin wákàtí díẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀: ojú sísán yìí ni omi òjò yóò gbà dé ibi tí irin wà, irin yóò sì dípẹtà.

Nítorí náà, ó yẹ kí a da kọnkéré ní òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, kí a fi òkúta sábẹ́ ìbòòji, kí a rin pákó, kí a fi àpò tútù tàbí ọ̀rá bo kọnkéré, kí a sì máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7 ó kéré tán.

Bí olùkọ́ ṣe lè fi í hàn
Kí olùkọ́ po símẹ́ǹtì mọ́ omi sínú agolo kan, kí ó po amọ̀ sínú èkejì. Kí ó fi aṣọ nínípọn wé méjèèjì, kí ó fi ọ̀rá wé ìdí tẹmómítà kí ó tó kì í bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí di ọjọ́ kejì. Ti símẹ́ǹtì yóò gòkè láìsí iná. Ti amọ̀ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, nítorí símẹ́ǹtì tútù máa ń jó awọ ara.

Ìgúnlẹ̀
Akẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ fún pé kọnkéré ń "gbẹ" yóò wá oòrùn fún un. Èyí tí a sọ fún pé ó ń "le" yóò béèrè ohun tí ó ń mú un le, yóò sì rí i pé omi wà lára rẹ̀. A dá a lábàá pé kí àwọn tí ń kọ́ olùkọ́ fi ìyàtọ̀ yìí sínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ilé kíkọ́, ní èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ nílé.