Owó Ilé àti Òrùlé Ilé-Ìwé

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, mo sì kọ́lé sí Ẹ̀rìn-Ilé, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn onílé ẹgbẹ́ mi máa ń béèrè ohun tí ìjọba ń fi owó ilé, ìyẹn owó-orí tí à ń san lórí ilé wa, ṣe. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ló fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti díye lé ilé wa kí wọ́n sì gbowó lórí rẹ̀. Òfin yìí kan náà ló ní kí wọ́n lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yun, ní Ìlémọnà, ni tiwa.

Àmọ́ owó ilé nìkan kò lè kọ́ kíláàsì. Láti 2004, òfin ti ya ìdá 2 nínú 100 owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, lábẹ́ àjọ UBEC. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kó iye kan náà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Kwara ti kọsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún la ò fi rí owó náà gbà, títí ìjọba tó wọlé ní 2019 fi san owó tó yẹ. Ó dùn mí wọra. Àríwá ni wọ́n pín wa sí láyé àtijọ́, nítorí náà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ti 1955 ní Ìwọ̀-Oòrùn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ó tún wá di pé owó tó tọ́ sí wa jókòó sí Abuja, òjò ń gba inú páànù tó ti dípẹtà wọlé bá àwọn ọmọ.

Èmi máa san owó ilé mi. Kí wọ́n ṣáà lẹ ìwé mọ́ ògiri ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀: iye tó wọlé, àti ilé-ìwé tí wọ́n fi kan òrùlé rẹ̀.